Ìdánwò Oògùn Lupus: Ẹ Má Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Obìnrin Èkìtì

Gbólóhùn kan wà tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn ní Ìjerò, ní Àrámọ̀kọ àti ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn oníṣègùn ń wá aláìsàn tí yóò kópa nínú ìdánwò oògùn titun: "Wọ́n fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ dán oògùn wò." Gbólóhùn náà kúrú, ó sì máa ń parí àríyànjiyàn. Ẹni tí ó sọ ọ́ kò ní láti ṣàlàyé mọ́. Gbogbo ẹni tí ó wà níjokòó yóò mi orí, ìyá aláìsàn yóò sì fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sílé. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ àìsàn tí wọ́n ń pè ní lupus, gbólóhùn yìí ti ń pani lára ju bí ó ti ń gbani lọ. Àwọn tí ó ń sọ ọ́ kò purọ́. Ìdajì òtítọ́ ni ó wà lọ́wọ́ wọn, ìdajì tí wọn kò mú dání ni ó sì ń pa àwọn ọmọbìnrin.

Lupus kò ní orúkọ ní èdè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí ìkookò ni, nítorí pé lójú àwọn oníṣègùn Yúróòpù àtijọ́, egbò tí ó máa ń dá sí ojú jọ ibi tí ìkookò ti bu ènìyàn jẹ. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé àwọn ọmọ ogun inú ara, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá kòkòrò àrùn jà, yí ojú ìjà padà sí ara tí ó gbé wọn ró. Oríkèé a wú, irun a máa já, ẹnu a dá egbò, ara a máa rẹ ènìyàn ní irú rírẹ̀ tí oorun kò lè wò. Nígbà tí ó bá burú, a kọlu kíndìnrín, ọkàn tàbí ọpọlọ. Nínú ènìyàn 10 tí ó ní i, nǹkan bí 9 ni obìnrin. Láàárín ọdún 15 sí 44 ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìgbà ẹ̀kọ́, ìgbà ìgbéyàwó, ìgbà ọmọ bíbí. Kì í ràn. Kò sì tíì ní oògùn tí ń wò ó pátápátá. Èyí tí ó wà ń dá a dúró ni.

Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ìwé ìṣègùn fi kọ ọ́ pé lupus ṣọ̀wọ́n ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ náà yani lẹ́nu, nítorí pé àwọn ọmọ-ọmọ àwọn ènìyàn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní etíkun yìí kan náà wà lára àwọn tí ó ń yọ lẹ́nu jùlọ ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn erékùṣù Karibia. Ojú tí kò wo nǹkan ni kò rí i. Ní 2009, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Adélówò àti Oguntona tẹ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn lupus 66 tí wọ́n rí ní Èkó. Kì í ṣe pé àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Èkó ní ọdún yẹn. Oníṣègùn tí ó mọ̀ ọ́n ni ó jókòó síbẹ̀ tí ó ń kọ orúkọ sílẹ̀. Irú oníṣègùn bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan ní Nàìjíríà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì wà ní àwọn ìlú ńlá.

Ẹ wo ọmọbìnrin ẹni ọdún 24 tí oríkèé rẹ̀ ń wú ní Àrámọ̀kọ. Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ lupus fún un, wọn yóò ti fún un ní oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta, wọn yóò ti sọ pé làkúrègbé ni, ẹlòmíràn yóò ti rọra sọ fún un pé kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nítorí àrùn kògbóògùn, wọn yóò sì ti fi ẹ̀sùn kan ìyá àgbà kan nínú agboolé tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Ní kẹ́mísìtì, wọn yóò po tábúlẹ́ẹ̀tì oríṣiríṣi pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré fún un. Lára ohun tí ó máa ń wà nínú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ni dexamethasone tàbí prednisolone. Láàárín ọjọ́ méjì ara rẹ̀ yóò fúyẹ́, nítorí pé àwọn oògùn wọ̀nyí máa ń pa iná tí lupus dá sínú ara lóòótọ́. Àwọn oníṣègùn gan-an ń lò wọ́n, pẹ̀lú òdiwọ̀n àti àyẹ̀wò. Yóò dúpẹ́. Yóò padà lọ rà á. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ojú rẹ̀ yóò wú róbótó, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ru, ìtọ̀ ṣúgà lè bẹ̀rẹ̀, egungun rẹ̀ yóò máa di ẹlẹgẹ́, kíndìnrín tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò yóò sì máa bàjẹ́ lọ láìpariwo. Àgbo ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ìgò, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí àgbo náà ń bá ọ̀rá yẹn sọ nínú ikùn.

Kí ni orúkọ èyí bí kò bá ṣe ìdánwò oògùn? Ó kàn jẹ́ ìdánwò tí kò ní ìwé ni, tí kò ní oníṣègùn, tí ẹnikẹ́ni kò kọ iye tí aláìsàn lò sílẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí yóò dáhùn bí nǹkan bá bàjẹ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, aláìsàn ni ó sì ń fi owó ara rẹ̀ san án. Àwọn tí wọ́n ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọmọ ọlọ́mọ dán oògùn wò kì í pariwo níwájú kẹ́mísìtì.

Síbẹ̀, ẹ̀rù náà ní ìdí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣẹ̀sín. Ẹni tí ejò bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló yóò sá. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn tí í mú ọrùn le jà ní Kano, ilé-iṣẹ́ Pfizer ti Amẹ́ríkà gbé oògùn titun kan tí ń jẹ́ Trovan wá sí ilé-ìwòsàn àwọn àrùn tí ń ràn ní ìlú náà. Ọmọdé 200 ni wọ́n lò: 100 gba Trovan, 100 gba oògùn mìíràn tí àwọn oníṣègùn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú, 5 nínú àwọn tí ó gba Trovan, 6 nínú àwọn yòókù. Pfizer dúró lórí rẹ̀ pé àrùn náà ni ó pa wọ́n, pé kì í ṣe oògùn. Àwọn òbí sọ pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ sọ pé ohun tí wọ́n ṣe kò bófin mu. Ní 2009 ni ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là nínú àdéhùn tí ó bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kano ṣe. Kí ó tó di ìgbà yẹn, ìfura tí ọ̀rọ̀ náà gbìn ti wà lára ohun tí ó mú kí Kano kọ àjẹsára rọpárọsẹ̀ ní 2003, àrùn rọpárọsẹ̀ sì gba ibẹ̀ tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, láti 1932 títí di 1972, ìjọba fi ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọkùnrin dúdú tí ó ní àrùn sífílíìsì sílẹ̀ láìtọ́jú ní Tuskegee, kí wọ́n lè máa wo bí àrùn náà yóò ṣe jẹ wọ́n tán.

Ẹ̀ṣẹ̀ Kano àti ti Tuskegee kò wà nínú pé wọ́n dán nǹkan wò. Gbogbo oògùn tí ó wà nínú àpótí ìyá ilé ní Ìjerò, láti orí paracetamol dé orí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹnì kan ni ó kọ́kọ́ lò ó. Ẹ̀ṣẹ̀ náà wà nínú pé wọ́n fi òtítọ́ pamọ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ wà lórí tábìlì. Nítorí ìyẹn ni Nàìjíríà ṣe gbé ìlànà àpapọ̀ jáde lórí ìwádìí ìlera ní 2007, tí òfin ìlera àpapọ̀ ti 2014 sì fi ọwọ́ líle mú un pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí lára ènìyàn láìjẹ́ pé ẹni náà fọwọ́ síwèé lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàlàyé ohun tí ó lè ṣe é láǹfààní àti ohun tí ó lè pa á lára. NAFDAC gbọ́dọ̀ gbà kí oògùn náà tó wọlé. Ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tí ó ń kópa gbọ́dọ̀ ka ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lóòótọ́, òfin inú ìwé kì í fi gbogbo ìgbà dé ojú pópó. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: ẹni tí ó bá bẹ̀rù pé wọn yóò ré òun jẹ nínú ìdánwò, kí ó béèrè fún òfin náà ní gbangba, kí ó má ṣe sá padà sínú ọ̀rá kẹ́mísìtì.

Ìdajì òtítọ́ kejì wá nìyí. Láti 1955, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí hydroxychloroquine fún lupus, títí di 2011, kò sí oògùn titun kankan tí wọ́n fọwọ́ sí fún àìsàn yìí. Ọdún 56. Nígbà tí Benlysta, tí orúkọ ìṣègùn rẹ̀ ń jẹ́ belimumab, dé ní oṣù kẹta ọdún 2011, ìdánwò ńlá méjì ni wọ́n gbé e lé. Àwọn tí ó kópa nínú méjèèjì lé ní 1,600. Àwọn aláwọ̀ dúdú nínú wọn jẹ́ 148. Àìsàn tí ó ń mú obìnrin dúdú ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ju obìnrin funfun lọ ni wọ́n ń wá oògùn fún, ṣùgbọ́n nínú ènìyàn mẹ́wàá tí wọ́n fi oògùn náà wò, aláwọ̀ dúdú kò pé ẹyọ kan. Àbájáde lára àwọn 148 yẹn kò dára bíi ti àwọn yòókù, iye wọn sì kéré débi pé kò sí ẹni tí ó lè sọ bóyá oògùn náà ni kò bá ara wọn mu tàbí pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ní kí ilé-iṣẹ́ náà lọ ṣe ìdánwò mìíràn fún àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan. EMBRACE ni wọ́n pè é. Nígbà tí ó parí, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tí ó gba oògùn ṣe dáadáa ju àwọn tí kò gbà á lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò tó èyí tí onímọ̀ ìṣirò yóò fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ìdánwò yẹn dé Gúúsù Áfíríkà. Kò dé Nàìjíríà.

Nítorí náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, oníṣègùn tí aláìsàn dúdú jókòó síwájú rẹ̀ ń dá àbá lásán ni. Ní 2018, Titilola Falasinnu, onímọ̀ nípa ìtànkálẹ̀ àrùn tí ó wà ní Yunifásítì Stanford, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ka gbogbo ìdánwò lupus tí wọ́n rí, wọ́n sì fi hàn pé àwọn aláwọ̀ dúdú jẹ́ nǹkan bí ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ní lupus ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìdá 14 péré ni wọ́n jẹ́ nínú àwọn tí ó ń kópa nínú ìdánwò. Ti Amẹ́ríkà nìyẹn, níbi tí ilé-ìwòsàn kò jìnnà sílé. Kí ni kí á wá sọ nípa Ìpotì, Òkèmẹ̀sí àti Ìkọ̀gòsì?

Ohun tí ó tún dun ni jù ni pé ẹ̀jẹ̀ Yorùbá kò ṣàjèjì sí ìmọ̀ ìṣègùn àgbáyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ìdílé 30 ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ, ènìyàn 90 lápapọ̀, fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ ńlá tí wọ́n pè ní HapMap, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ti ń lo ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn yìí bí ẹni ń lo ìwé atúmọ̀-èdè. Ní 2010 ni wọ́n rí i pé àbùdá kan tí ń jẹ́ APOL1, tí oríṣi rẹ̀ kan wọ́pọ̀ gan-an láàárín Yorùbá nítorí pé ó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, máa ń mú kí kíndìnrín tètè bàjẹ́ lára ẹni tí ó bá jogún ẹ̀dà méjì rẹ̀. Bí lupus bá tún wọ inú irú kíndìnrín bẹ́ẹ̀, ìparun rẹ̀ a yára sí i. Yorùbá ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí ayé lè mọ ìdí tí kíndìnrín fi ń kú. Nígbà tí ó kan oògùn tí yóò gba kíndìnrín náà là, àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n pè sí ìjókòó. Ó sì tún ń lọ bẹ́ẹ̀: ní 2021, àwọn oníṣègùn ní Erlangen ní Jámánì yọ ẹ̀jẹ̀ funfun ọmọbìnrin ẹni ọdún 20 kan tí lupus ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, wọ́n tún un ṣe, wọ́n dá a padà sí ara rẹ̀, lupus náà sì lọ dákẹ́. Ìdánwò lórí ìtọ́jú yìí ti ń lọ báyìí ní Yúróòpù, ní Amẹ́ríkà àti ní Ṣáínà.

Ní Ẹ̀fọ̀n, ọ̀rọ̀ náà ní ojú mìíràn. Níbẹ̀ ni wọ́n sin Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní 1959, àwọn aláìsàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá gbàdúrà níbẹ̀ di òní olónìí. Ìtàn ìjọ náà kò ṣeé sọ láìdárúkọ quinine: ní àwọn ọdún 1930, lára ohun tí ó da àárín àwọn Aládùúrà àti àwọn míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì rú ni pé àwọn míṣọ́nnárì ń lo quinine fún ibà, tí àwọn Aládùúrà sì ní àìgbàgbọ́ ni. Ọdún ti gorí ọdún, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ náà sì ń lọ sí ilé-ìwòsàn lónìí láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n hydroxychloroquine, oògùn tí ó pọn dandan fún aláìsàn lupus jù, ìran quinine yẹn gan-an ni. Nínú wíwá ohun tí yóò rọ́pò quinine ni àwọn onímọ̀ ti rí i. Àwọn wòlíì kan ṣì wà, tí kì í ṣe ti ìjọ kan ṣoṣo, tí wọ́n ń sọ fún aláìsàn pé kí ó ju tábúlẹ́ẹ̀tì náà nù kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ lè pé. Bí lupus bá sùn fún oṣù mẹ́ta, nítorí pé ó máa ń sùn tí ó sì máa ń jí fúnra rẹ̀, wọn a jẹ́rìí níwájú ìjọ. Bí ó bá jí ní oṣù kẹrin nínú kíndìnrín, ẹnikẹ́ni kò ní jẹ́rìí sí ìyẹn.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wá ta ìdánwò oògùn fún aláìsàn bí ẹni ń ta tíkẹ́ẹ̀tì sí ìwòsàn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn náà lè má ṣiṣẹ́. Ó lè pa ènìyàn lára. Ìbò ni wọn yóò dì láti mọ ẹni tí yóò gba oògùn gidi àti ẹni tí yóò gba èyí tí kò ní èròjà kankan nínú, oníṣègùn fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ èwo ni èwo. Ohun tí àwọn tí ń dẹ́rù bani kì í sọ ni pé nínú àwọn ìdánwò ńlá lupus, àwọn tí ìbò kò gbè ṣì ń gba ìtọ́jú tí gbogbo ayé mọ̀, wọ́n kàn fi ohun titun kún ti àwọn yòókù ni. Wọn yóò máa yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò déédéé, èyí tí ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Èkìtì kò lówó láti ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Aláìsàn sì lè sọ pé òun kò ṣe mọ́ ní ọjọ́ tí ó bá wù ú, kí wọ́n má sì tìtorí ìyẹn lé e jáde nílé-ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ oyún tún wà níbẹ̀, òun gan-an ni yóò sì le jù nínú ilé. Ọ̀pọ̀ ìdánwò lupus ni kì í gba aláboyún, tí wọ́n sì máa ń ní kí obìnrin fi ètò sí ọmọ bíbí títí ìdánwò yóò fi parí. Ẹ fojú inú wo ìyàwó ọdún méjì ní Ìjerò tí ó ń gbìyànjú láti sọ ìyẹn fún ìyá ọkọ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, màámi, wọ́n ní kí n má tíì lóyún." Ìyá náà kò ní béèrè orúkọ oògùn, yóò béèrè pé ta ni ó ran oníṣègùn náà sí agboolé òun. Nọ́ọ̀sì tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ké sí ọkọ àti ìyá ọkọ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun, yóò sì sọ fún wọn pé lupus tí kò tíì sùn máa ń ṣe oyún ní jàǹbá, ìbáà jẹ́ pé ìdánwò wà tàbí kò sí. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ni yóò fọwọ́ síwèé, kì í ṣe ọkọ, kì í ṣe ìyá ọkọ.

Ẹ̀bi tí ó tóbi jù kò sí lọ́rùn àwọn ará ilé yìí. Ilé-iṣẹ́ oògùn ń gbé ìdánwò lọ sí ibi tí wọ́n ti lè tà lẹ́yìn ọ̀la. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, GSK tí ó ni Benlysta kéde pé ẹ̀ka òun ní Nàìjíríà yóò kógbá sílé. Ìjọba kò sì fún wọn ní ìdí láti dúró. Ilé-ìwòsàn ìkọ́ni méjì ni ó wà nítòsí àwọn ìlú wọ̀nyí, ti ìpínlẹ̀ ní Adó-Èkìtì àti ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì tí kò jìnnà sí Ìjerò. Ìdánwò lupus tí ó jẹ mọ́ kíndìnrín sábà máa ń béèrè kí wọ́n ti gé díẹ̀ nínú kíndìnrín náà wò lábẹ́ ẹ̀rọ. Ìwé tí orúkọ aláìsàn lupus kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, oògùn tí ó ń lò àti bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe rí, kò gba owó epo rọ̀bì láti ṣí. Láìsí rẹ̀, bí ilé-iṣẹ́ kan bá tilẹ̀ fẹ́ wá, kí ni wọn yóò fi hàn án?

Ọjọ́ tí ó bá sì wá, kí àwọn tí ń dẹ́rù bani wá sí ìpàdé náà. Kí wọ́n mú ìfura wọn wá, ó wúlò. Kí wọ́n béèrè pé ṣé Yorùbá tí àwọn ará Èkìtì gbọ́ ni wọ́n fi kọ ìwé ìfọwọ́sí náà, tàbí èdè tí adájọ́ nìkan lè kà. Kí wọ́n béèrè pé bí oògùn náà bá ṣiṣẹ́, ta ni yóò máa fún aláìsàn lẹ́yìn tí ìdánwò bá parí, nítorí pé ìkéde Helsinki tí àwọn oníṣègùn àgbáyé ń tẹ̀lé ní kí wọ́n ti ṣètò ìyẹn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n béèrè ẹni tí yóò tọ́jú ẹni tí oògùn bá pa lára. Bí oògùn náà bá sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń fà sí iṣan lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, ìgbà 13 ni obìnrin tí ń gbé Ìkọ̀gòsì yóò jáde nílé lọ́dún kí ilẹ̀ tó mọ́, tí yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Adó, pẹ̀lú oríkèé tí kò jẹ́ kí ó lè di irin ọkọ̀ mú. Bí ìwé náà kò bá sọ ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ yẹn, kí wọ́n dá a padà fún àwọn tí ó kọ ọ́.